Adágún Edé Tí Ọkọ Mi Gbẹ́ sí Ekpè

Ẹ̀kọ́ kan wà tí mo kórìíra láti kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi. Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ wọn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Kútọnu. Tó bá ti kan edé, akàn àti alákàsà tí ayé ń kó jáde nínú omi, ìlà mẹ́ta ni mo máa ń fà sójú pátákó láti fi iye tó ń jáde lọ́dọọdún hàn. Ti Éṣíà gun òkè lọ fíofío. Ti àwọn ará Gúúsù Amẹ́ríkà pẹ́ kó tó gbéra, àmọ́ nígbà tó gbéra, kò wẹ̀yìn mọ́. Tiwa nílẹ̀ Áfíríkà sùn sílẹ̀. Nígbà tí èmi náà wà lórí bẹ́ǹṣì, ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò jìnnà síra wọn báyìí, nítorí gbogbo ayé ṣì ń fi àwọ̀n wá edé kiri ni. Lẹ́yìn náà ni àwọn tọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ín bí ẹni ń sin adìyẹ. Àwa ṣì ń ju àwọ̀n, a sì ń ra edé wọn tó dì bí òkúta lọ́jà Dantokpa.

Ọkọ mi kò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ sísin edé ní Éṣíà, ó sì gbé àwòrán adágún lóríṣiríṣi bọ̀ nínú fóònù rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rí i àti ẹni tí kò fẹ́, gbogbo wọn ló ń fi hàn. “Ìyàwó mi, fara balẹ̀,” ni yóò wí. “Ìlà tiwa yẹn máa dìde.” Èmi òmùgọ̀, mo gbà á gbọ́. Ó ta mọ́tò wa, ó gbẹ́ adágún kan sórí ilẹ̀ ìyá rẹ̀ ní Ekpè, lẹ́bàá ọ̀sà. Ó ní bí edé àkọ́kọ́ bá yè dé ọjọ́ kíkó, àwọn èèyàn á rí i, wọ́n á sì bá òun dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Bí wọn ò bá yè, ó parí nìyẹn, torí a ò ní nǹkan kan mọ́ tí a lè tà.

Iyanrìn ni ilẹ̀ Ekpè, kì í mú omi dúró, nítorí náà ó tẹ́ ọ̀rá sí ìsàlẹ̀ adágún. Kò síbi tí a ti lè ra ọmọ edé lọ́dọ̀ọ́ wa. Ọkọ̀ òfuurufú ló gbé wọn wá nínú àpò ọ̀rá tó kún fún omi. A lọ dúró dè wọ́n ní pápákọ̀ òfuurufú Cadjèhoun, mo sì gbé àpò kan lé itan nínú takisí bí ọmọ tuntun. Bí iná bá lọ, tí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi dúró, ọkọ mi á bọ́ sínú adágún, á máa fi páànù gbọn omi sókè kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Ó ní níbi tí òun ti kọ́ṣẹ́, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń ra ọmọ edé, orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì ń gbé e. Inú bí mi. Kí ló dé tí kò sọ ọ́ kó tó ta mọ́tò?

Síbẹ̀, wọ́n dàgbà. Wọ́n nípọn ju àtàǹpàkò mi lọ, ìlà dúdú sì wà lára wọn, irú èyí tí edé ọ̀sà wa kì í ní. Ó ku díẹ̀ ká kó wọn.

Òjò wá dé. Kì í ṣe òjò ìyanu kan, òjò ọdọọdún náà ni. Ọ̀sà kún, ó gun òkè wá, ó sì gba orí adágún wa kọjá. Nígbà tí a fi débẹ̀ láàárọ̀, a ò mọ ibi tí adágún parí sí tí ọ̀sà ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi dúró nínú omi tó mù ún dé orúnkún. Mo ní ká máa lọ. Mo sunkún, mo sì bú òjò bí ẹni pé ó létí.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, a padà lọ wo ohun tó ṣẹ́kù. Orin la gbọ́ létí ọ̀sà. Ó ti pẹ́ tí àwọn apẹja ibẹ̀ ti ń fa àwọ̀n òfìfo, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ń kó edé. Ìyá arúgbó kan tó ń yan edé tà, obìnrin Ègùn tó gbọ́ èdè wa dáadáa, gbé abọ́ kan wá bá wa.

“Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wá wo nǹkan! Ọ̀sà ti rántí wa! Láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ, mi ò rí edé tó tóbi báyìí rí. A gbọ́ pé omi ba iṣẹ́ yín jẹ́. Ẹ gba èyí, ẹ fi se ọbẹ̀. Ọlọ́run tó ṣe tiwa á ṣe tiyín.”

Mo wo inú abọ́, mo rí ìlà dúdú. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ọkọ mi di ọwọ́ mi mú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba abọ́ náà.

“Ẹ ṣeun, Ìyá. Ẹ kú oríire o.”

Mo bínú sí i títí a fi délé. Mo ní wọ́n ń jẹ làálàá wa, Ọlọ́run ni wọ́n ń dúpẹ́ fún. Ó ní, “Tí mo bá sọ fún wọn, kí ló kù fún wọn?” Mo se edé náà. Ó dùn gan-an, ìyẹn ló sì bà mí nínú jẹ́ jù. Òun nìkan la rí jẹ nínú adágún yẹn.

Kò pẹ́ tí edé náà fi tán nínú ọ̀sà. Àwọn apẹja ti ra àwọ̀n tuntun. Lọ́jọ́ tí a lọ ká ọ̀rá wa kúrò nílẹ̀, ìyá yẹn tún wá.

“Ọmọ mi, ìwọ lo lọ kọ́ nípa edé lókè òkun. Ìgbà wo ni wọ́n tún ń bọ̀? Mo ti tún ààrò mi mọ, mo ti ra igi sílẹ̀.”

Ọkọ mi gbé ọ̀rá sílẹ̀.

“Lọ́dún tó ń bọ̀, Ìyá. Ẹ ṣáà ní sùúrù.”

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í súre fún un. Mo gbé ọ̀rá, mo kọjú sí ọ̀nà, kí n má bàa gbọ́ bí ọkọ mi ṣe ń ṣe àmín.