Bí Àáfà Ṣe Dán Dísíìkì Wò

Ẹni tó bá wọ yàrá mi nígbà tí kọ̀ǹpútà mi àtijọ́ ń ṣiṣẹ́ lè rò pé èèyàn kan jókòó sínú rẹ̀ tó ń jẹ ẹ̀pà. Dísíìkì rẹ̀ ló ń dún bẹ́ẹ̀. Á dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, á dákẹ́ bí ẹni tó ń wá ẹ̀pà kan tó bọ́ sílẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún dísíìkì yẹn, nítorí sùúrù tí pàṣán ilé kéwú kò rí kọ́ mi, òun ló kọ́ mi.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa to ìwé fún àwọn tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú: kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé àdúrà, àti pósítà àwọn olóṣèlú, tí mo máa ń tún ojú wọn ṣe títí yóò fi mọ́ ju ìwà wọn lọ. Inú yàrá kan ní Abúlé Òkúta ni mo ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí àwẹ̀ bá ti dé, iṣẹ́ mìíràn a wọlé, èyí tí ọ̀run ni a ti ń gba owó rẹ̀. Àáfà tó kọ́ mi ní kéwú ló ń túmọ̀ Àlùkùránì fún wa ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò lẹ́yìn ìrun Àsárì, ohun tí à ń pè ní tafsíìrì. Èmi ni mo ń gba ohùn àti àwòrán wọn sílẹ̀, tí mo ń gé ikọ́ àti igbe ọmọdé kúrò, tí mo sì ń fi ẹ̀kọ́ náà ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn èèyàn kí àkókò ìṣínu tó dé.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Dísíìkì ajẹ̀pà kò gbà. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ajé a máa dé ọwọ́ àwọn èèyàn ní Ọjọ́bọ̀. Obìnrin kan, ọmọ àdúgbò wa tó ń gbé ní ìlú òyìnbó, kọ̀wé sí mi pé òun ti sọ̀rọ̀ ẹnìkejì òun láìdáa tán, òun sì ti jẹ̀gbádùn rẹ̀, kí ẹ̀kọ́ tó ní kí a má sọ̀rọ̀ ẹnìkejì láìdáa tó wọlé. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní kó máa tọrọ àforíjìn.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà mọ́. Nígbà tí àwẹ̀ kù díẹ̀, Àáfà dìde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n ní kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti bẹ̀rẹ̀ tafsíìrì yìí, díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, àwọn ti dé apá ìkẹyìn nínú Àlùkùránì. Àwẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn yóò parí rẹ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́, lẹ́yìn náà àwọn ń lọ sílé ní Ìsẹ́yìn, nítorí orúnkún àwọn àti àtẹ̀gùn mọ́ṣáláṣí kò gbọ́ ara wọn yé mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ àtijọ́ wọn wà lórí kásẹ́ẹ̀tì, omi òjò àdúgbò wa sì ti gba ẹ̀kọ́ náà jù wá lọ. Ohun tí a bá rí gbà sílẹ̀ lọ́dún yìí ni yóò kù. Bí ó bá sọnù, kò sí bí a ṣe fẹ́ sọ pé kí bàbá arúgbó tún un sọ. Bí wọ́n bá tún un sọ, wọ́n á ti fi iyọ̀ sí i.

Ọlọ́run ṣe é, mo ti ń fi ọwọ́ ara mi to kọ̀ǹpútà tuntun. Àpótí irin rẹ̀ wá láti ilé ìtẹ̀wé kan tó kógbá wọlé. Fáànù rẹ̀, ẹ̀bùn ni. Ìyókù, mo rà á lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ra ìkòkò ìyàwó. Gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ti pé, ó ku dísíìkì, ibi tí yóò máa kó gbogbo ohun tó bá gbọ́ sí. Mo fẹ́ èyí tó yára, kí ẹ̀kọ́ lè jáde lọ́jọ́ náà gan-an. Mo sì fẹ́ èyí tó ṣeé gbọ́kàn lé, kí ẹ̀kọ́ má bàa ti ibẹ̀ gba ọ̀run lọ. Mo wí fún ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí. Ìgbìmọ̀ wa kò tíì fẹnu kò lórí irú ìgbálẹ̀ tí a ó rà, mi ò mọ ohun tó kó sí mi lórí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ dísíìkì lọ bá wọn. Ládánì ní kí n ra èyí tó tóbi jù. Ìyá àwọn Alásàlátù gbàdúrà gígùn pé dísíìkì kò ní dójú tì wá. Alága ní òun yóò rò ó. Àáfà gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n ní kí n wá mú àwọn lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ.

A wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Palmgrove, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ìyàwó díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ lọ. Ó fún Àáfà ní àga, ó kó dísíìkì jáde. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti onírin, tó ń yí nínú. Àáfà gbé e lọ́wọ́, wọ́n sọ ọ́ sókè díẹ̀, inú wọn dùn. Wọ́n ní èyí ní láárí, èèyàn mọ̀ pé òun ra nǹkan. Mo sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n ajẹ̀pà ni. Wọ́n rọra gbé e sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni obìnrin náà gbé méjì wá tí kò ju ṣingọ́ọ̀mù lọ, ní ìrísí àti ní títẹ́ẹ́rẹ́. Àáfà yí èyí àkọ́kọ́ síwá yí i sẹ́yìn, wọ́n bèèrè ibi tí ìyókù rẹ̀ wà. Obìnrin náà ní bó ṣe mọ nìyẹn, Bàbá. Páálí èyí àkọ́kọ́ ní àwòrán iná tó ń jó lára, wọ́n sì kọ eré tó lè sá sí i gàdàgbà. Páálí èkejì kò ní nǹkankan lára, eré tí wọ́n kọ sí i kò sì tó ti àkọ́kọ́. Ojú mi ti lọ sára oníná. Mo bi obìnrin náà bóyá ó lè búra fún mi pé kò ní bàjẹ́.

"Ọkọ mi tí a jọ dúró níwájú Olúwa, n kò búra fún un," ó ní. "Dísíìkì ni kí n wá búra fún?"

Àáfà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi yọ gíláàsì ojú wọn. Wọ́n wá bi mí báwo ni èmi ṣe fẹ́ mọ èyí tó dáa. Mo ní eré tí wọ́n kọ sí ara páálí ni. Ta ló kọ ọ́? Àwọn tó ṣe é. Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé gbogbo bàbá tó mú ọmọ wá sí ilé kéwú àwọn ló máa ń ṣàlàyé pé ọmọ òun ti mọ̀wé tẹ́lẹ̀.

N óò sọ bí Àáfà ṣe máa ń gbọ́ kéwú lẹ́nu wa. Wọn kì í bìkítà bí o ṣe yára tó. Wọ́n á jẹ́ kí o máa kà á lọ, kí ó máa dùn lẹ́nu rẹ, kí orí rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ìgbà náà ni wọ́n á dá ọ dúró. Wọ́n á bèèrè ara ìyá rẹ. Wọ́n á ní kí o lọ ra obì wá fún àwọn. Bí o bá ti dé, obì ò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ, wọ́n á ní kí o máa bá kéwú rẹ lọ láti ibi tí o dé. Àwa tí à ń sáré, ibẹ̀ la máa ń kú sí. Àfi kí n tún padà sí Bísímílà kí n tó lè rí ọ̀nà, Àáfà á sì ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé ẹsẹ̀ mi ló ń ka kéwú, kì í ṣe orí mi.

Wọ́n wá bèèrè bóyá ọ̀nà wà tí dísíìkì fi lè ka tirẹ̀ fún àwọn gbọ́. Mo ní a lè da ẹ̀kọ́ èṣí sínú rẹ̀, mo ṣáà mú un dání. Obìnrin náà gbà. Ó so oníná mọ́ kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹ̀kọ́ sínú rẹ̀. Ó gbé eré. Ẹ̀kọ́ kan ò tíì parí orúkọ rẹ̀ lójú gíláàsì kọ̀ǹpútà tí òmíràn ti wọlé. Mo wo Àáfà bí ẹni pé èmi ni mo bí dísíìkì náà. Àáfà ní kí n jẹ́ kó máa lọ.

Ó ń lọ. Nígbà tó ṣe, eré já. Ó ń wọ́ bí ẹni tó ti orí títì bọ́ sínú ẹrẹ̀. Obìnrin náà wúkọ́. Mo ṣàlàyé fún Àáfà pé irú rẹ̀ máa ń ní àyè kékeré kan níwájú tó fi ń gba ẹrù kíákíá, bí ibẹ̀ bá kún, ó di kí ó máa gbé e lọ sẹ́yìn níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ó yé àwọn, ilé tó ní pálọ̀ tí kò ní yàrá.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo rò pé tẹ̀súbáà wọn ló bọ́. Púlọ́ọ̀gì kọ̀ǹpútà ni wọ́n dì mú, wọ́n sì fà á yọ lára ògiri. Gbogbo nǹkan ṣókùnkùn.

"Bàbá, kí lẹ ṣe yẹn?"

"Mo rán an ní obì ni."

"Kọ̀ǹpútà mi lẹ rán lọ ra obì? Bí kò bá padà wá ńkọ́?"

"Ọmọ mi, níbi tí èyí ń lọ ní Abúlé Òkúta, ojoojúmọ́ ni iná máa rán an níṣẹ́ báyìí. Bí kò bá mọ ọ̀nà ilé, jẹ́ ká mọ̀ ọ́n níbí."

Obìnrin náà wo mí bí ẹni tó fẹ́ kí n kó Àáfà mi sínú àpò kí n máa gbé wọn lọ. Ó tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà, èmi ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀, òun náà ń gbàdúrà tirẹ̀, Ọlọ́run kan náà sì gbọ́ ti àwa méjèèjì: ó jí. Mo lọ wo inú oníná. Àwọn ẹ̀kọ́ kan wà tí dísíìkì náà ti sọ fún wa pé òun ti gbà tán. Orúkọ wọn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ṣí ọ̀kan, òfìfo. Mo ṣí òmíràn, òfìfo.

"Ó ní òun ti gbà á?" Àáfà bèèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àáfà."

"Irọ́ ló pa."

Ó kan èkejì, èyí tí páálí rẹ̀ kò ní nǹkankan lára. Òun kò sá eré kankan tí a lè pe èèyàn wá wò. Ó mú ìrìn kan, kò sì fi í sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó dé àárín, Àáfà na ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ dí púlọ́ọ̀gì. Ó ní bí kọ̀ǹpútà òun bá máa kú, ọwọ́ òun ni yóò kú sí. Òun fúnra rẹ̀ ló fà á yọ. Nígbà tí iná padà, gbogbo ohun tí dísíìkì náà ti ní òun gbà ló wà níbẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń wúkọ́ bí Àáfà ṣe wúkọ́ lọ́dún èṣí. Ọ̀kan ṣoṣo tó wà lẹ́nu rẹ̀ lásìkò tí a dá a dúró ni kò sí, dísíìkì náà kò sì sọ pé ó wà.

N kò ní tàn yín, ìdánwò kan kò tó fi gbé dísíìkì níyàwó. Mo lọ ka ohun tí àwọn tó ti lò ó pẹ́ sọ kí n tó padà wá rà á. Mo ra ẹ̀gbọ́n ajẹ̀pà náà mọ́ ọn, kì í ṣe fún iṣẹ́, kí n kàn lè máa da ẹ̀dà gbogbo ẹ̀kọ́ sínú rẹ̀ lálaalẹ́ kí n sì gbé e sínú àpótí. Obìnrin náà gbé oníná padà síwájú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní àwọn oníbàárà fẹ́ràn iná.

Àwẹ̀ dé, dísíìkì sì ṣe bí ọmọ gidi. Bí mo bá ti Àsárì dé, ẹ̀kọ́ a ti délé oníkálukú kí ládánì tó pe Màgáríbì. Wọ́n mú iná lọ lórí iṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, n kò pàdánù ju ohun tó wà lọ́wọ́ mi lójú ẹsẹ̀. Obìnrin ìlú òyìnbó wá ń ráhùn pé ẹ̀kọ́ ti ń bá òun lójú ọ̀nà ẹ̀ṣẹ̀ báyìí, pé kò jẹ́ kí òun gbádùn.

Lọ́jọ́ tí Àáfà parí, èèyàn kún mọ́ṣáláṣí dé ojú títì. Wọ́n ka ẹsẹ ìkẹyìn, wọ́n túmọ̀ rẹ̀, omi lé sójú wọn. Bóyá kí omi náà má bàa bọ́ ni wọ́n ṣe yà sí ẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní kí Ọlọ́run dárí ji gbogbo wa, títí kan alága wa, tó ti ń fi ẹnu tẹ́ ẹní tuntun sí mọ́ṣáláṣí láti ọjọ́ yìí tí ìdí ẹnikẹ́ni kò tíì kàn án. Mọ́ṣáláṣí wó fún ẹ̀rín. Alága náà rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ nìkan ló ṣe é.

Mo sáré lọ sílé, mo tún un ṣe, mo fi ránṣẹ́. Ìgbà tí mo ń pọn omi tí n ó fi ṣínu ni Àáfà pè. Ohun tí n kò tíì sọ ni pé láyé ajẹ̀pà, wọ́n máa ń pè mí lẹ́yìn ọjọ́ méjì kí n yọ gbólóhùn kan tàbí òmíràn kúrò, torí àwọn ti sùn lé e, ó sì ti dùn àwọn. Kọ̀ǹpútà mi a ṣì máa jẹ ẹ̀pà rẹ̀ lọ́wọ́.

Wọ́n ní ibi tí àwọn ti mẹ́nu ba alága, ṣé mo ti gé e? Mo ní Àáfà, ó ti lọ. Wọ́n ní ṣé kò ṣeé pè padà. Mo ní wọ́n ti rẹ́rìn-ín dé ìlú òyìnbó.

Wọ́n wá bèèrè: "Gbogbo ẹ̀ ha pé? Láti Bísímílà títí dé òpin?"

"Ó pé, Àáfà. Ẹyọ kan kò sọnù."

Mo gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní àlùhámúdùlílà. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn lọ bẹ alága kó tó jẹun yó, nítorí ẹni tó ti yó kì í tètè dárí jini.

Wọ́n lọ. Lẹ́yìn ìrun, alága fúnra rẹ̀ pè mí. Ó ní òun ti dárí ji Àáfà, òun sì ti rán ẹni tó máa lọ ra ẹní. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní gbogbo ilé òun ló ti rí ibẹ̀ yẹn lórí fóònù, wọn kò jẹ́ kí òun rí i, ṣé mo lè fi ránṣẹ́ sí òun. Mo fi ránṣẹ́, ó sì dé ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó kí mi pé ó dàárọ̀.