Wọ́n Gé Àyè Ẹ̀gbọ́n Kúrò Nínú Orin

Wákàtí kan péré ni wọ́n fún mi, ọ̀sán Sátidé, láti aago mẹ́rin sí aago márùn-ún. Ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan ni, ní apá ibi tiwa yìí, tí ohùn rẹ̀ máa ń há bí èèyàn bá ti wọ àárín àwọn òkè tó yí Òkè-Ìmẹ̀sí ká. Tíṣà ni mí ní Arámọkọ láti ọjọ́ Mọ́ńdè dé Fráídè. Rédíò yẹn ni mo fi ń tu ara mi nínú. Orúkọ tí mo sọ ètò mi ni Orin Ilé, Orin Ẹ̀yìn Odi. Mo máa ń lọ gba orin sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ní Ìjerò, ní Ẹ̀fọ̀n àti láwọn ìlú kéékèèké tó wà láàárín, màá wá wá orin ilẹ̀ mìíràn tó jọ ọ́, màá fi tì í. Bí mo bá gbé orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún ní Ẹ̀fọ̀n sáfẹ́fẹ́, èyí tó máa tẹ̀ lé e lè jẹ́ ti ìyá kan ní Bùràsíìlì. Mo fẹ́ káwọn èèyàn gbọ́ ọ pé ọmọ tó ń sunkún nílé wa àti èyí tó ń sunkún lókè òkun, ohun kan náà ni wọ́n ń fẹ́.

Máníjà wa kò fẹ́ràn ètò náà. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Òun ló ń wá bí jẹnẹrétọ̀ yóò ṣe máa ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹni tó ń gbé ìpolówó ọjà wá sínú ètò mi. Nígbàkígbà tí a bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi mí.

"Màdáámù, ta ló ń gbọ́ ọ?"

Ní àkókò ìkórè kòkó, tíṣà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ fún mi pé ìyá ọkọ òun ní Ìpótì mọ orin tí àwọn obìnrin fi ń fọ́ kòkó nígbà tí wọ́n ṣì ń bẹ ara wọn lọ́wẹ̀. Mo wọkọ̀ lọ bá ìyá náà lọ́jọ́ Sátidé kan láàárọ̀. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé àlejò ti dé kí n tó kí i. Ìyá Ìjọ ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, oyè yẹn kò sì fi í sílẹ̀ bó ti jókòó sílé yẹn.

Nígbà tí mo sọ ohun tí mo wá ṣe, ó mi orí.

"Orin ayé nìyẹn, ọmọ mi. Orin ìyìn ni mo ń kọ báyìí."

Mi ò bá a jiyàn. Mo yọ fóònù mi, mo ní kó bá mi gbọ́ nǹkan kan. Orin àwọn obìnrin erékùṣù kan lápá Sikọ́tíláǹdì ni, àwọn tí wọ́n máa ń jókòó yí tábìlì ká láti lu aṣọ onírun àgùntàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hun, kó lè ki. Ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó gbọ́ ọ títí.

"Kí ni wọ́n ń sọ?"

"Mi ò gbọ́ èdè wọn, Mà. Aṣọ ni wọ́n ń lù."

"Ẹnì kan ló ń dá a. Àwọn yòókù ń gbè é."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń gbè é fún mi," ó wí.

Ìlogbò ni ẹ̀gbọ́n náà wà, ní ilé ọkọ rẹ̀. Ìbàdí ń dùn ún, kò lè rìn mọ́, ojú àbúrò kò sì ríran dáadáa. Ọdún mẹ́ta ti kọjá tí wọn kò tíì fojú kanra. Wọ́n ti gbìyànjú láti jọ kọ orin náà lórí fóònù, ṣùgbọ́n ohùn kì í tètè dé. Ègbè ẹ̀gbọ́n á wá bọ́ sórí ìlà tó kàn, gbogbo rẹ̀ á sì dàrú.

"Bó bá jẹ́ rédíò ni," ìyá náà wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "màá dá a, màá fi àyè sílẹ̀. Òun á jókòó sí Ìlogbò, á máa gbè é. Ẹ ṣáà sọ ọjọ́ àti aago fún un."

Bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn.

"Kòkó pọ́n lóko, ọkọ mi á kọ́ ulé." Ó bá dákẹ́, ó fi ọwọ́ lu itan rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ètè rẹ̀ ń mì láìsí ohùn. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ègbè ẹ̀gbọ́n òun lòun ń sọ nínú: "Kì í ṣe ọdún yìí." Ó tún gbé e: "A fọ́ ọ tán, a sá a sóòrùn, ọkọ mi á kọ́ ulé." Ó tún dákẹ́, ó tún lu itan. Ìlà mẹ́rìnlá ni, àyè mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀. N kò tíì gba orin tó wù mí tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ rí.

Mo tẹ Ìlogbò láago, mo bá ìyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n náà sọ̀rọ̀, mo ní Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́rin. Nígbà tó di Sátidé, mo dé sítúdíò, wọ́n ní àwọn olóṣèlú ń ṣe ìpàdé ní gbangba, a sì gbọ́dọ̀ gbé e sáfẹ́fẹ́ bó ṣe ń lọ. Wọ́n sọ̀rọ̀ láti aago mẹ́ta títí di aago mẹ́fà ààbọ̀. Mo tún tẹ Ìlogbò láago, mo ní kí wọ́n má bínú, Sátidé tó kàn ni. Ní Sátidé tó kàn, òjò wó igi lu wáyà iná, jẹnẹrétọ̀ kò sì dáhùn. Obìnrin Ìlogbò kò bínú. Ó kàn sọ pé màmá ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ tó dáa, ó ti jókòó sídìí rédíò láti aago méjì ní ìgbà méjèèjì. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ní Sátidé kẹta, gbogbo nǹkan wà létòlétò. Mo kọ́kọ́ gbé orin àwọn obìnrin tó ń lu aṣọ sáfẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà, mo sọ ìtàn àwọn ìyá méjèèjì fún àwọn tó ń gbọ́ wa, mo ní àyè wà nínú orin yìí fún ẹnì kan ní Ìlogbò, kí ẹlòmíràn tó bá mọ ègbè náà bá wa gbè é. Mo ṣe àmì sí ẹ́ńjíníà lẹ́yìn gíláàsì. Orin bẹ̀rẹ̀.

Ìlà kìíní jáde, ìlà kejì gorí rẹ̀. Ẹ̀kẹta tẹ̀ lé e wéréwéré. Kò sí àyè kankan. Ọwọ́ tó ń lu itan kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìyá náà ń kọrin bí ẹni tí ajá ń lé. Mo dìde, mo na ọwọ́ sókè, ṣùgbọ́n kí n tó mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe, ìlà mẹ́rìnlá ti tán, ìpolówó ọṣẹ ìfọṣọ sì ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ́ńjíníà, kí lẹ ṣe sí orin mi?"

Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ti lé ní ogójì ọdún. Ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ fi hàn pé ohun kan ṣẹlẹ̀. "Ó ń dákẹ́ jù, Mà. Máníjà ní kí a má jẹ́ kí rédíò dákẹ́. Mo bá yín gé gbogbo ibi tó dákẹ́. Ó ti wá mọ́ báyìí."

Fóònù mi ń gbọ̀n nínú báàgì. Ìlogbò ni. Obìnrin náà sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Antí, ẹ jọ̀ọ́, màmá ní kí n bi yín pé ta ní ń lé àbúrò òun?"

Mo ní kó bá mi bẹ màmá.

Ọjọ́ Mọ́ńdè, mo lọ bá máníjà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n tún gbé orin náà sáfẹ́fẹ́ bí ìyá ṣe kọ ọ́.

"Màdáámù, bí rédíò bá dákẹ́, àwọn èèyàn á rò pé a ti kúrò láfẹ́fẹ́. Wọ́n á yí i lọ síbòmíràn. Ohun mìíràn tún wà. Ìyá yẹn ń sọ 'ulé'. Kí ni 'ulé'? Ṣé ẹ kò lè ní kó sọ Yorùbá tó dáa?"

"Ilé ni. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé yín náà nìyẹn, sà."

"Ní ilé. Rédíò kì í ṣe ilé."

Mo sọ pé orin Sikọ́tíláǹdì tí mo fi ṣáájú, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó fẹjọ́ sùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn yàtọ̀, èdè àwọn òyìnbó ni. Mo dìde kí n má baà sọ ohun tí mo máa kábàámọ̀.

Lọ́jọ́ kan tí a parí iléèwé lọ́sàn-án, mo gbé orin náà lọ sí Ìlogbò fúnra mi, odindi, nínú fóònù, pẹ̀lú ẹ̀rọ agbóhùnsókè kékeré kan. Ẹ̀gbọ́n náà jókòó sórí àga onírọ̀rí, ó rí rọ̀gbọ̀dọ̀, ojú rẹ̀ mú. Mo tẹ fóònù, orin bẹ̀rẹ̀. Àyè àkọ́kọ́ kọjá mọ́ ọn lójú nítorí ohùn àbúrò rẹ̀ tó gbọ́. Ní ẹ̀kejì, ó gbè é, ohùn rẹ̀ nípọn, ó ba ibẹ̀ wẹ́kú. Ó gbe ẹ̀kẹta. Ní ẹ̀kẹrin, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ pa á. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lorin ọ̀hún lọ."

"Kí ló ṣe é, Mà?"

"Ọkọ ta ló ń kọ́ ulé? 'Ọkọ mi á fẹ́ 'yàwó' ni. 'Kòkó pọ́n lóko, ọkọ mi á fẹ́ 'yàwó.' Àwa á ní, 'Kì í ṣe ọdún yìí.' Àwọn ọkọ wa ni a fi ń bú. Wọ́n á wà nítòsí, wọ́n á máa gbọ́ ọ, wọn kò ní lè fọhùn." Ó kọjú sí ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Ó ti sọ orin ìyá wa di ti ṣọ́ọ̀ṣì."

Ó ní kí n tẹ àbúrò òun láago níbẹ̀ ní kíá. Wọ́n jiyàn títí etí mi fi ń hó. Àbúrò ní ìyá àwọn máa ń kọ ọ́ ní ọ̀nà méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n ní irọ́ ni, òun ni òun kọ́kọ́ bá ìyá àwọn lọ sóko. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n gba ègbè rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní òun kò ní gbe irọ́. Mo padà sí Ìpótì, mo bẹ àbúrò kó tún un kọ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ní ó rí. Òun náà kọ̀. Ó ní ṣé mo fẹ́ kí gbogbo ìjọ gbọ́ Ìyá Ìjọ lórí rédíò níbi tó ti ń bú ọkọ ni?

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni máníjà pè mí pé wọ́n ti gbé ètò mi lọ sí aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Sọ́ńdè. Ẹni tó ń ta àgbo ló gba àyè mi. Mo ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kò sí ẹnì kan tó tẹ̀ wá láago. Mo kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀, mo fi sórí tábìlì rẹ̀, mo kó àwọn nǹkan mi.

Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi tẹ̀ mí láago pé ọkọ òun ti fi takisí gbé màmá láti Ìpótì lọ sí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìlogbò, pé kí n máa bọ̀ kíákíá. Mo dúró ní ibùdó ọkọ̀ fún ohun tó lé ní wákàtí kan kí takisí tó kún. Nígbà tí mo débẹ̀, àwọn ìyá méjèèjì jókòó tira wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n wà lórí orúnkún àbúrò, àwọn ará ilé ń nu omijé ẹ̀rín.

"Ẹ pẹ́," tíṣà náà sọ fún mi. "Wọ́n ti kọ ọ́ tán."

"Ṣé ẹnì kan gbà á sílẹ̀?"

Kò sí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún un kọ lẹ́ẹ̀kan péré.

"Ó ti rẹ̀ wá, ọmọ mi," ẹ̀gbọ́n wí.

Àbúrò wá ọwọ́ mi, ó dì í mú. "Inú ulé lèyí wà fún," ó wí. "Ẹ jókòó, kí wọ́n bu oúnjẹ fún yín."

Mo jókòó tì wọ́n, mo jẹun, mo sì wá ọkọ̀ padà sí Arámọkọ. Inú ń bí mi ní gbogbo ọ̀nà, n kò sì lè sọ ní pàtó ẹni tí mo ń bínú sí.