Rólà Tí Mo Yàn Bí Ẹni Ń Yan Iṣu

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á yìí, ṣé ewúrẹ́ ti yà yín sílẹ̀ lórí òkè rí, ẹ̀yin lórí alùpùpù, òun lórí ẹsẹ̀ ẹ̀? Ó ti ṣe mí rí. Ewúrẹ́ ọ̀hún tún lóyún.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà yẹn, mo wà nílé ní Ṣakí, iṣẹ́ mi ò ju kí n máa fi alùpùpù gbé ìyá mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, lọ síbi iṣẹ́. Bàbá mi ti kìlọ̀ fún mi: "Tí alùpùpù yìí bá tún dá ìyá ẹ dúró lórí òkè lọ́jọ́ Ajé, màá tà á. Ìwọ á sì lọ bá ẹ̀gbọ́n mi roko tábà ní Ìsẹ́yìn." Èmi tí ọkọ́ ò mọ̀ mí rí.

Mo gbé alùpùpù lọ sọ́dọ̀ mekáníìkì. Ó tú ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì, ó kó rólà mẹ́fà jáde, irin róbótó tó máa ń ti bẹ́líìtì kí ọkọ̀ lè sáré. Gbogbo wọn ti gbó. Ó gbé agolo rólà tuntun méjì síwájú mi, èyí tó fúyẹ́ àtèyí tó wúwo.

"Akọ̀wé, yan tìẹ."

Mo gbé wọn sí àtẹ́lẹwọ́, mo wọ̀n wọ́n wò bí ìyá mi ṣe máa ń wọn iṣu. Iṣu tó bá fúyẹ́, ó ti gbẹ nínú. Mo yan èyí tó wúwo.

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo ka físíìsì."

Ó kó mẹ́fà sí i, ó dè é.

Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, alùpùpù ń lọ wẹ́rẹ́. Ó kan òkè, ó kérora, ó kú. Ibẹ̀ ni ewúrẹ́ ti kọjá mi. Mo tì í padà.

"Físíìsì ńkọ́?" ni mekáníìkì fi kí mi káàbọ̀. "Èyí tó wúwo máa ń tètè ti bẹ́líìtì, kí ẹ́ńjìnì tó lágbára. Òkè á pa á."

A kó mẹ́fà tó fúyẹ́ sí i. Ó gun òkè, àmọ́ lórí títì, ariwo ẹ̀ pọ̀ ju ìrìn ẹ̀ lọ, ọlọ́mọge orí kẹ̀kẹ́ kan ń juwọ́ sí mi láti iwájú. Mo ní ká kó mẹ́ta-mẹ́ta pọ̀. Mo kó mẹ́ta tó wúwo sójú kan, alùpùpù wá ń gbọ̀n débi pé eyín mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n dànù.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo tún un tò fúnra mi, wúwo kan, fúyẹ́ kan. Mi ò tíì gùn ún wò. Mo ṣì ń de nọ́ọ̀tù tó kẹ́yìn nígbà tí ìyá mi jáde nínú aṣọ funfun, bàbá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo òkè.

"Ó yá, gbé e jáde, ká máa lọ," ni ìyá mi wí.