Ìwé Tí Keziah Kò Ṣí

Ẹni tó bá ní òǹrorò ni Keziah Thornburgh ò mọ̀ ọ́n. Fìlà obìnrin ló ń rán tà nílùú wa, Corley, ní Ohio, òun ló sì ń tọ́jú ìwé àyálò ìlú, mẹ́tàlélọ́gọ́ta péré, lórí pẹpẹ méjì lẹ́yìn àwọn fìlà. Òfin kan wà tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sára ògiri: ilé tí bébà àìsàn, èyí tí wọ́n fi ń kìlọ̀ pé àrùn tó ń ràn wà níbẹ̀, bá wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, ìwé tó bá tibẹ̀ wá, iná ni.

Delphia, ọmọ kan ṣoṣo tí Orpha Lindley bí, ọmọ ọdún mọ́kànlá, yá ìwé awakọ̀ òkun kan náà lẹ́ẹ̀mẹjọ.

“Ṣé o fẹ́ jẹ ẹ́ ni?” Keziah á bi í.

“Ẹ ṣáà kọ orúkọ mi sílẹ̀, mà.”

“Wo ẹnu ẹ! Lọ fọwọ́ ẹ kíá.”

Ní Jánúárì ọdún 1894, àrùn ọ̀fun wọ̀lú, ó ń fún àwọn ọmọdé lọ́rùn pa. Ọjọ́ mẹ́fà péré ni Delphia fi ṣàìsàn kó tó kú. Aládùúgbò tó palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́ gbé ìwé náà sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Keziah fi ẹ̀mú gbé e sínú sítóòfù, ó ń sunkún bó ṣe ń jó. Kò ṣí i.

Nígbà tí wọ́n yọ bébà kúrò lẹ́nu ọ̀nà Orpha, ṣọ́ọ̀bù yẹn ló kọ́kọ́ wọ̀.

“Keziah, bá mi mú ìwé ọmọ mi. Nígbà tí ohùn rẹ̀ lọ, ẹ̀yìn ìwé yẹn ló kọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá mi sọ sí. Ó nà án sí mi. Ibà ń ṣe èmi náà, ojú mi ò ríran dáadáa. Mo ní, ‘Màmá á kà á láàárọ̀.’”

Keziah wo sítóòfù.

“Níbo ló wà?”

“Mo ti sun ún.”

“Kí ló kọ síbẹ̀?”

Irọ́ dídùn wà lẹ́nu Keziah. Ta ni ì bá mọ̀? Ṣùgbọ́n kò purọ́ rí.

“Mi ò ṣí i, Orpha.”

Orpha fọwọ́ ba àlàfo tí ìwé náà fi sílẹ̀ lórí pẹpẹ, ó lọ sílé. Ì bá tiẹ̀ bú u, ì bá sàn! Ọdún méjì ni kò fi bá a sọ̀rọ̀.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìwé tó bá tilé aláìsàn wá, Keziah á ṣí i ní ewé kọ̀ọ̀kan kó tó sun ún. Ọwọ́ lásán ló fi ń ṣí i, á tún máa fi itọ́ tọ́ ìka bó ti máa ń ṣe. A pariwo, a pariwo: “Ikú lò ń ṣí yẹn o!”

“Tí ọmọ mìíràn bá kọ nǹkan síbẹ̀ ńkọ́?”

Ní ìgbà òtútù tí ọdún méjì náà pé, ìwé kan tilé alágbẹ̀dẹ wá. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀fun Keziah ti dí. Orpha ló wá jókòó tì í, ó fi pẹ́ńsù sí i lọ́wọ́.

“Kọ ọ́. Màá kà á báyìí-báyìí.”

Keziah kọ ọ́. Orpha sì kà á sókè lójú rẹ̀: “Mo wo gbogbo ewé ìwé ilé alágbẹ̀dẹ. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.”