Bàtà Ẹṣin Tí Mo Fi Òwúrọ̀ Rà

Òórùn òógùn ẹṣin ló kọ́kọ́ mú mi. Bàbá kan láti Àpòmù gbé aṣọ tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ gàárì wá sí ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ mi ní Ìkirè. Nígbà tí mo gbé áyọ́ọ̀nù lé e, òórùn kan bá ooru jáde, bíi koríko gbígbẹ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, n kò sì rí nǹkan mìíràn rò títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọjọ́ tí mo lọ dá aṣọ náà padà, mo bẹ Bàbá pé kí wọ́n jẹ́ kí n gun ẹṣin wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbà, torí orúnkún kò jẹ́ kí àwọn fúnra wọn lè gùn ún mọ́. Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń dúró lọ aṣọ látàárọ̀, tó tún ń gun ọ̀kadà lọ sí Àpòmù nírọ̀lẹ́. Ó ń rẹ̀ mí, àmọ́ n kò lè fi sílẹ̀.

Sálúbàtà ni mo ń wọ̀ nígbà náà. Lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ mi yọ̀ wọ inú irin ìtẹsẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gàárì, ó há síbẹ̀, ẹṣin sì ń lọ. Bàbá di ìjánu mú.

"Sọ̀kalẹ̀," wọ́n ní. "Lọ wá bàtà tó ní gìgísẹ̀. Bí Iléyá bá dé tí n kò rí ẹni gun ẹṣin yìí lọ sí yídì, màá tà á fún àwọn ará Ìbàdàn. Kí ni mo fẹ́ máa bọ́ ọ fún?"

Mo wo fídíò lórí fóònù títí ojú fi ń ta mí. Gìgísẹ̀ bàtà náà kò gbọdọ̀ ga jù, ṣùgbọ́n kó dúró ṣánṣán, kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀ kọjá. Kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú. Bàtà sójà tó ní kòtò kòtò máa ń há. Kí ọrùn rẹ̀ má sì gún kòtò ẹ̀yìn orúnkún. Bàtà tuntun kọjá agbára mi, ni mo bá gba ìsọ̀ ìyá olókirikà lọ. Ìwọ náà mọ̀ pé òǹtajà kì í jẹ́ kí ẹni tó bá kọ́kọ́ wá láàárọ̀ lọ lófo. Kí oòrùn tó yọ, mo ti dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Alágbàfọ̀, ṣé sójà lo fẹ́ ṣe ni?"

"Ẹṣin ni, mà."

"Ẹṣin kẹ̀? O ò tíì ra máṣìn, ẹṣin lo fẹ́ gùn."

Wọ́n bá mi wá ọ̀kan jáde, wọ́n sì dín owó rẹ̀ fún mi gan-an. Bàtà náà bá mi mu rẹ́gí. Àmọ́ nírọ̀lẹ́, tipátipá ni mo fi ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, nígbà tí mo sì máa bọ́ ọ, awọ gìgísẹ̀ mi bá a jáde. Lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ kan ni mo fi dúró lọ aṣọ, bíi lékeléke. Ìyá olókirikà kò gbà á padà.

"Ọjà tí mo fi ṣí ọjà láàárọ̀ àná? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ mi, ó sì jin síbẹ̀. Ó ti wú. Ẹsẹ̀ tó ti sinmi ni mo gbé lọ ra bàtà tí ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ máa wọ̀. Nígbà tí mo padà lọ, ìrọ̀lẹ́ ni, lẹ́yìn iṣẹ́, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn lẹ́sẹ̀. Wọn kò dín kọ́bọ̀ nínú owó òmíràn tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ tí mo rà. Mo fi òrí pa awọ rẹ̀, mo sì ń wọ̀ ọ́ lọ aṣọ títí ó fi rọ̀.

Lọ́jọ́ Iléyá, Bàbá jókòó sétí títì bí mo ṣe ń gun ẹṣin kọjá lọ sí yídì. Wọn kò wo ojú mi rárá, ẹsẹ̀ mi ni wọ́n ń wò.

"Tẹ gìgísẹ̀ sílẹ̀ sí i," wọ́n ní. Nígbà tí mo bọ̀ láti yídì, wọ́n ní kí n so ẹṣin mọ́lẹ̀, pé àwọn ò tà á mọ́.

Láti ìgbà náà, n kì í fi ara tó le yan ohun tí màá fi ara tó ti rẹ̀ lò. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo gun ẹṣin náà láti Àpòmù dé Orílé-Òwu, mo sì gùn ún padà. Gbogbo ara ló ń ro mí. Ìléròrò kan ṣoṣo ni mo bá bọ̀, lórí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ òsì.