Ìdọ̀bálẹ̀ tí Bàbá Onílé Kọ̀

Onílé mi ní Mowé fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé gírámà ní ìtàn àti ìwé àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ kí ó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo wá wo yàrá nílé rẹ̀ ní àdúgbò Lọ́tò, kò bi mí bóyá mo níṣẹ́ lọ́wọ́. Ohun tí mo kà ní yunifásítì ló bi mí. Mo ní lítíréṣọ̀. Ó ní, "Ó dáa. Ilé yìí nílò ọ̀làjú kan sí i." Mo gbà pé èmi ni ìkejì. Ẹni àkọ́kọ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé.

Nírọ̀lẹ́, a máa ń jókòó sí fàràńdà, òun lórí àga onírọ̀rí, èmi lórí bẹ́ǹṣì, a ó máa pín ọmọ aráyé sí ọ̀nà méjì: àwọn tó lajú àti àwọn tí kò lajú. Àwọn ìwé àtijọ́ wọ̀nyẹn ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò le, nítorí àwọn tó kọ wọ́n ti bá wa pín in sílẹ̀. Wọ́n fi ara wọn sí apá tó dára, wọ́n kó gbogbo ayé yòókù sí apá kejì. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Ará Èkó ń pe ará Ìbàdàn ní ará òkè. Ará Mowé tí owó ilé lé kúrò l'Ékòó kò tíì kun ilé tuntun rẹ̀ lọ́dà tó fi ń pe ará Ìfọ̀ ní ará oko. Mo sọ èyí fún Bàbá. Ó ní ìyẹn yàtọ̀, nítorí kò sẹ́ni tó kọ tiwa sínú ìwé.

Ohun tí Bàbá fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé ojúlówó ọmọ Gíríìkì kì í dojú bolẹ̀ kí ènìyàn. Àwọn ará ìlà-oòrùn, tí wọ́n ní ọba ńlá, ni wọ́n ń nà gbalaja sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Lójú àwọn òǹkọ̀wé Gíríìkì, àìlàjú gan-an nìyẹn. Bàbá a máa na ìka sókè bó bá ń sọ ọ́, á wá dákẹ́ díẹ̀ kí ó lè wọ̀ mí lára. Lọ́jọ́ kan tó sọ ọ́ tán báyìí, ọkùnrin tó wá tún ẹ̀rọ omi ṣe kọjá níwájú wa. Ó dúró ṣánṣán, ó ní, "Ẹ kúùrọ̀lẹ́ sà," ó bá tirẹ̀ lọ. Àìlẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin náà ni Bàbá fi parí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Bàbá bí. Nọ́ọ̀sì ni ní Ìbafò. Ìyá rẹ̀ ti kú. Ó ti lé lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún, àwọn ìyá ìjọ sì ti ń gbààwẹ̀ fún un láìjẹ́ pé ó bẹ̀ wọ́n. Nígbà tó wá rí ẹni tí ọkàn rẹ̀ fẹ́, ọkùnrin tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù ní Ajúwọ̀n ni, ọmọ bíríkìlà kan tó ti ìhà Ọ̀ṣun wá tẹ̀dó sí Ìfọ̀. Ẹ̀rù ń bà á kí Bàbá má lọ sọ pé ọkùnrin náà kò kàwé tó. Bàbá ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn Gíríìkì bọ̀wọ̀ fún oníṣẹ́ ọwọ́. Mo mọ̀ pé wọn kò bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n mo dákẹ́ nítorí ọmọ náà.

Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ pé. Àwọn ará Ìfọ̀ dé, aṣọ wọn mọ́, wọ́n gbé èso sínú agbọ̀n. Bàbá ní kí n jókòó ti òun bí ẹbí. Ọkọ ìyàwó wọlé, ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí táìsì, àyà rẹ̀ kanlẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ń tẹ̀lé e lọ sílẹ̀. Kò tíì kí tán tí Bàbá fi fò dìde.

"Dìde, dìde, jọ̀wọ́. A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílé yìí. Ọkùnrin tó ní òmìnira kì í fi àyà lélẹ̀. Bọ̀ mí lọ́wọ́."

Ó dì í lápá, ó fà á sókè, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí ẹni pé orílẹ̀-èdè méjì ló ń bára wọn ṣe àdéhùn. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì wà lórí eékún, wọn ò mọ̀ bóyá kí wọ́n máa sọ̀ lọ tàbí kí wọ́n padà sókè. Bíríkìlà náà wo ọmọ rẹ̀, ó wo Bàbá, ó wo èmi. Èmi ń wo táìsì. Ó ní, "A dúpẹ́ sà." Bàbá wá sọ̀rọ̀ lórí òmìnira títí omi inú ìgò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n ní àwọn ti jẹun kí àwọn tó kúrò nílé. Wọ́n dìde, wọ́n lọ.

Bàbá ní, "Ṣé o rí bí wọ́n ṣe dákẹ́? Ká bá èèyàn lò bí èèyàn, ó dáa."

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin náà ti ibi iṣẹ́ dé, kò tilẹ̀ gbé báàgì sílẹ̀.

"Dádì, wọ́n ní ẹ kọ ọmọ wọn."

"Mo kọ ta ni? Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́."

"Ohun tí wọ́n ń sọ gan-an nìyẹn. Ó dọ̀bálẹ̀, ẹ ò gbà á. Wọ́n ní bàbá tó bá máa fún èèyàn lọ́mọ, á jẹ́ kó wà nílẹ̀, á ṣàdúrà fún un, kó tó ní kó dìde. Bàbá ẹ̀ ní òun ò ní rán ọmọ òun padà síbi tí wọ́n ti fà á nílẹ̀ bí olè."

"Ọ̀rọ̀ mi ni ò yé wọn."

"Ó yé wọn, Dádì. Tiwọn ni ò yé yín." Ó kọjú sí mi. "Bọ̀ọ̀dá, ṣebí ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ẹ ò lè rọra tẹ bàbá yìí lẹ́sẹ̀? Àbí ẹ̀yin náà ń ro ìwé lọ́wọ́ ni?"

Mo ní mi ò fẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. Ó wò mí bí nọ́ọ̀sì ṣe ń wo aláìsàn tó ní òun ti lo oògùn òun.

"Ọkùnrin yìí ni mo fẹ́," ó ní. "Ẹ lọ bá mi tún un ṣe." Ó wọlé lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá fi gbogbo Ìfọ̀ sí apá àwọn tí kò lajú. Mo jẹ́ kó sọ tán. Mo wá rán an létí pé nínú àwọn ìwé yẹn kan náà, bí ogun bá ṣẹ́ ọmọ Gíríìkì, tí wọ́n fẹ́ pa á lọ́mọ, yóò kúnlẹ̀, yóò di orúnkún ẹni tó lágbára mú, yóò sì bẹ̀ ẹ́. Àní ọba ń ṣe é. Ẹni tó bá sì ti ẹni tó wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ dànù, òun ni àwọn òrìṣà wọn ń bínú sí.

Bàbá na ìka sókè, ó tún gbé e sílẹ̀. "Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́," ó ní. "Mo máa ń sáré kọjá ibẹ̀ ni."

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi, Bàbá àti ọmọ rẹ̀ gba Ajúwọ̀n lọ sí Ìfọ̀, Bàbá níwájú mọ́tò, ètè rẹ̀ ń mì ní gbogbo ọ̀nà bó ṣe ń dá ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ kọ́ ara rẹ̀. Bíríkìlà náà gbà wá tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù. Bàbá dìde. Ó ní, "Gẹ́gẹ́ bí àwọn Gíríìkì..." Ọmọbìnrin rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn àga wúkọ́. Bàbá dúró. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà jù sílẹ̀.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Mi ò mọ̀ pé mo lé ọmọ yín." Orúnkún rẹ̀ ti ń tẹ̀.

Bíríkìlà náà gbá a mú lápá méjèèjì. "Rárá o, bàbá ìyàwó. A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílé yìí." Di òní, mi ò mọ̀ bóyá ó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó pe ọmọ rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, ó ní, "Wá parí ìkíni rẹ."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wọlé, ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá jókòó, kò mọ ohun tí òun yóò fi ọwọ́ òun ṣe. Ó wò mí, mo fi í sílẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ọmọkùnrin náà. "Ẹ ó gbó. Ẹ ó tọ́. Ẹ ò ní fojú sunkún ara yín." Ibẹ̀ ni àdúrà tó mọ̀ parí sí, ṣùgbọ́n kò gbé ọwọ́ kúrò, ọmọkùnrin náà ò sì mira.

"Dádì," ọmọ rẹ̀ ní, "ẹ ní kó dìde."

"Dìde, ọmọ mi," Bàbá ní. Kò fi àlàyé kankan tì í.

Ọmọbìnrin náà, tó ti wà lóòró láti ìgbà tí a ti dé, wá fa àga, ó jókòó.