Ọmọ Tó Na Àwo Lára Ògiri Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀gẹ́ ni mò ń bó lẹ́yìnkùlé wa n'Íkàrẹ́ nígbà tí àbúrò bàbá mi obìnrin pè mí láti Ọ̀kà. "Ìwọ ọmọ yìí, katapílà ti dé o! Títì tí wọ́n fẹ́ fẹ̀ máa gba orí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kọjá. Bó o bá fẹ́ rí iṣẹ́ bàbá ẹ, tètè máa bọ̀." Mo fọwọ́, mo fa ọmọ mi obìnrin lọ́wọ́, a wọkọ̀.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi ló ń kun pátákó ìsọ̀ fún àwọn ará Ọ̀kà. Ṣọ́ọ̀ṣì wa wá ní kó ya bí ìjọ àti ìjọba ṣe ń ṣe pọ̀. Odó kan ló yà sára ògiri. Àlùfáà di ọmọ odó kan mú, èèyàn ìjọba di ìkejì mú, àwọn méjèèjì ń gúnyán. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n: bí ẹni méjì tó ń gún odó kan ò bá dúró de ara wọn, ọmọ odó á kọlu ọmọ odó. Ó wá ya ọmọbìnrin kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, ó na àwo òfìfo sókè. Èmi ni. Mo dúró fún un títí apá fi ń ro mí.

Alága ìjọba ìbílẹ̀ tó ṣèlérí páànù òrùlé fún ṣọ́ọ̀ṣì wa rí i lọ́jọ́ ìsìn ìdúpẹ́. Ó fajú ro. "Ta lebi ń pa yìí? Ṣé èmi lẹ ń bá wí ni?"

Àwọn alàgbà ìjọ bẹ bàbá mi pé kó bu iyán sínú àwo náà. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, wọ́n ṣì ń gún un. Níbo ni kí n ti bù ú?"

Wọ́n pe akunlé kan láti Ọ̀bà, ó fi ọ̀dà funfun pa mí rẹ́. Bàbá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wò ó. Kò di búrọ́ọ̀ṣì mú mọ́. Oko ló ń lọ títí ó fi kú. Páànù ọ̀hún náà ò dé.

Nígbà tá a débẹ̀, wọ́n ti ṣí òrùlé. Òjò ti bó ọ̀dà funfun yẹn. Àwọn méjì tó ń gúnyán ti ṣá, èèyàn ò mọ èwo ni àlùfáà mọ́. Èmi àti àwo mi la hàn ketekete. Láyé ìjọ́sí, wọ́n á tiẹ̀ kọ́kọ́ bẹ èèyàn kí wọ́n tó pa iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́. Katapílà ò bẹ ẹnì kankan. Ògiri wó, eruku bò wá.

Nínú ọkọ̀ tá a bá padà, ọmọ mi bi mí pé, "Màámi, ṣé wọ́n padà bu iyán yẹn fún yín?"

Mo ní, "Rárá, ìyá mi, wọn ò bù ú. Bàbá àgbà rẹ ò sì gbà láti yà á pé wọ́n bù ú."